Ẹ Ṣí Bọ́nẹ́ẹ̀tì Ná
Bí ọkọ̀ yín bá ń gbọ̀n nígbà tó dúró ní Turin tàbí Padua, lójú tèmi, ẹ má tíì pe mẹkáníìkì. Ẹ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Turin ni wọ́n ti dá Fiat sílẹ̀ ní 1899. Kò sẹ́ni tí yóò fi yín ṣẹ̀sín níbẹ̀. Ẹ́ńjìnnì ń fa afẹ́fẹ́ bí ọmọdé ṣe ń fi sítírọ́ọ̀ fa mínírà: bí rọ́bà rẹ̀ bá lu, kò ní fà á dáadáa mọ́. Ẹ fọ́n omi ọṣẹ díẹ̀ sí rọ́bà kọ̀ọ̀kan bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń ṣiṣẹ́. Ibi tí ìró rẹ̀ bá ti yí padà, ibẹ̀ ló lu. Ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Rọ́bà tó lọ sí bíréékì nìkan ni kí ẹ fi sílẹ̀ fún mẹkáníìkì: bí ìyẹn bá jò, bíréékì á le lẹ́sẹ̀, ọkọ̀ ò sì ní tètè dúró.