Díẹ̀ Díẹ̀ Nimú Ẹlẹ́dẹ̀ Ń Wọgbà

Ewúrẹ́ a máa fo ọgbà. Àgbò a máa fìwo kan ilẹ̀kùn. Ẹlẹ́dẹ̀ ò lè ṣe méjèèjì. Imú ló ní. Yóò rìn yí ọgbà po títí yóò fi rí ibi tí igi kan ti rà nídìí, yóò sì ki imú bọ ibẹ̀. Olóko tó bá rí i yóò rẹ́rìn-ín: imú lásán, kí ló fẹ́ fi ṣe? Ó dọjọ́ kejì, ilẹ̀ ti hú, orí ti kọjá. Ibi tí orí ẹlẹ́dẹ̀ bá sì ti gbà, ìdí rẹ̀ ò ní kù síta.

Ọmọ tó bẹ̀rẹ̀ sí í tọwọ́ bọ ìkòkò ọbẹ̀ la sábà máa ń pa òwe yìí fún. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan ṣẹlẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù níbí tó jẹ́ kí n máa wo ọgbà náà ju bí mo ti ń wo ẹlẹ́dẹ̀ lọ.

Bàbá Ìbejì àti Ìyá Ìbejì ló pínyà. Èmi náà wà níbi ìjókòó, nínú pálọ̀ ní Peckham, nínú oṣù kìíní ọdún. Ẹnikẹ́ni ò jà. Bàbá ní òun á máa san £300 lóṣù fún ìtọ́jú àwọn ọmọ. Ìyá ní ó dáa, kí Ọlọ́run máa pèsè. Mo bi wọ́n bóyá ká kọ ọ́ sílẹ̀. Ìyá Ìbejì ló kọ́kọ́ fèsì: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ wá di òyìnbó. Bàbá àwọn ọmọ mi ṣáà ni." A rẹ́rìn-ín, a jẹ ìrẹsì, a túká.

Oṣù méjì àkọ́kọ́, owó pé. Oṣù kẹta, £280 ló wọlé, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ lórí WhatsApp: "Ìyá Ìbejì, má bínú, mọ́tò ló bàjẹ́. Mà á fi ogún yẹn kún tòṣù tó ń bọ̀." Ìyá dá a lóhùn: "Kò sí wàhálà, sà. Ẹ kú ìnáwó." Oṣù kẹrin, £280 mìíràn. Ìkarùn-ún, £250. Ìkẹfà pé. Ìkeje, £200. Ìkẹjọ, kọ́bọ̀ ò wọlé, àmọ́ bàbá ra bàtà ilé-ìwé àti báàgì fáwọn méjèèjì. Lójú tirẹ̀, ó ti san. Lójú ìyá, bàtà kì í san owó iná. Nígbà tí ọdún kan ààbọ̀ fi máa pé, àjẹsílẹ̀ ti di £1,440, kò sì sí oṣù kan tí èèyàn lè nawọ́ sí pé ibí yìí ni nǹkan ti bàjẹ́.

Ìyá Ìbejì wá pe Child Maintenance Service, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí owó ìtọ́jú ọmọ, láti béèrè. CMS ni gbogbo èèyàn ń pè é, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn tó ti pẹ́ nílùú ọba ṣì ń pè é ní CSA, iléeṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ ní 1993, tí CMS sì bẹ̀rẹ̀ sí í gba ipò rẹ̀ ní 2012. Èrò rẹ̀ ni pé ìjọba á bá òun gba £1,440 náà. Òfin ò rí bẹ́ẹ̀. Àdéhùn tí òbí méjì bá fúnra wọn ṣe, ì báà jẹ́ ti ẹnu, ì báà jẹ́ ti ìwé, CMS kì í bá wọn gba àjẹsílẹ̀ orí rẹ̀. Ìṣirò tiwọn kì í sì í padà sẹ́yìn kọjá ìgbà tí a kọ̀wé sí wọn. Iṣu tí ẹlẹ́dẹ̀ ti jẹ, ó ti jẹ ẹ́.

Ẹ má fi obìnrin náà ṣẹ̀sín o. Níbi tó ti wá, àdéhùn ẹnu ní ọgbà tirẹ̀. Bí tọkọtaya bá pínyà ní Ìjẹ̀bú tàbí ní Ọ̀yọ́, bàbá ọkọ wà níjókòó, ẹ̀gbọ́n ìyàwó wà níbẹ̀, àwọn obìnrin ilé ti gbọ́. Bí owó oṣù kan bá fò, ìyá àgbà á ránṣẹ́ sí ọmọ rẹ̀ ní kùtù hàì. Ojú ẹbí ni ọgbà náà. Ibi tí ojú ẹbí ò bá ká a mọ́, wọ́n á gbà wẹ́fẹ̀ẹ̀ tàbí kóòtù ìbílẹ̀ lọ. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọ ti 2003 ní Nàìjíríà náà sọ pé ọmọ ní ẹ̀tọ́ sí ìtọ́jú látọwọ́ òbí rẹ̀ bí agbára wọn bá ṣe mọ. Ní Peckham, orí fóònù ni ìyá àgbà wà, kò sì mọ̀ ju ohun tí ọmọ rẹ̀ bá sọ fún un lọ. Àwa la gbé àdéhùn wọ ọkọ̀ òfuurufú, tá a fi ọgbà rẹ̀ sílẹ̀ nílé.

Ìwé ni ọgbà ti ibí. Ẹ jẹ́ ká kọ iye owó, ọjọ́ tí yóò máa wọlé, àti báǹkì tí yóò gbà. Ẹ jẹ́ ká kọ ohun tó jẹ́ owó àti ohun tó jẹ́ ẹ̀bùn, kí ìjà bàtà lè tán. Ẹ jẹ́ ká kọ ohun tí a máa ṣe lóṣù tí owó bá dín. Òótọ́ ni pé irú ìwé yìí ò ní eyín. Ojú ló ní. Ẹni tó bá fẹ́ eyín, ní England àti Wales, lè jẹ́ kí adájọ́ fọwọ́ sí i kó di àṣẹ kóòtù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé lẹ́yìn oṣù méjìlá, èyí tó bá wù nínú òbí méjèèjì ṣì lè kọrí sí CMS.

Ẹni tí kò bá mọ iye tó yẹ kó kọ, kó wo òṣùwọ̀n ìjọba. Bí owó tó ń wọlé fún òbí tó máa san bá wà láàárín £200 sí £800 lọ́sẹ̀ kí wọ́n tó yọ owó orí, ìdá 12 nínú ọgọ́rùn-ún ni ti ọmọ kan, 16 fún méjì, 19 fún mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bó bá jẹ́ £600 ló ń gbà, tí ọmọ sì jẹ́ méjì, £96 nìyẹn lọ́sẹ̀. Iye alẹ́ tí ọmọ bá ń sùn lọ́dọ̀ rẹ̀ lọ́dún lè mú un wálẹ̀, bó bá ti tó 52.

CMS lè ṣírò owó náà kí àwọn òbí máa san án fúnra wọn. Bí ìyẹn ò bá ṣeé ṣe, wọ́n á máa gbà á lọ́wọ́ ẹni tó ń san, wọ́n á sì máa gbé e fún ẹni tó ń tọ́ ọmọ, ètò tí wọ́n ń pè ní Collect and Pay. Láti 2014, iṣẹ́ yẹn ní owó tirẹ̀: ẹni tó ń san á fi ìdá 20 lé e, wọ́n á yọ ìdá 4 nínú tẹni tó ń gbà. £96 wa á di £115.20 lápò bàbá, á di £92.16 lọ́wọ́ ìyá. £23.04 ti bọ́ sáàárín lọ́sẹ̀ kan, ọmọ kankan ò sì jẹ ẹ́. Síbẹ̀, CMS ní eyín gidi: wọ́n lè yọ gbèsè látinú owó oṣù àti àkáǹtì báǹkì, ọ̀rọ̀ lè dé orí ìwé ìwakọ̀, pásípọ́ọ̀tù, títí dé ẹ̀wọ̀n. Ọmọ á tilẹ̀ dàgbà kúrò nílé, gbèsè náà á ṣì wà lọ́rùn ẹni tó jẹ ẹ́.

Bàbá náà nílò ọgbà. Mo mọ ọkùnrin tó ń fi owó sínú àpòòwé lọ́jọọjọ́ Sátidé, tó ń kí ọmọ, tó ń gbé owó sílẹ̀ lórí tábìlì. Ọjọ́ tí ìjà dé, kò ní ẹ̀rí kan ṣoṣo. Owó rẹ̀ ti lọ, orúkọ rẹ̀ náà lọ. Òun pàápàá ti fi ìdí ọgbà rẹ̀ sílẹ̀ kó rà.

A padà jókòó ní pálọ̀ Peckham yẹn. Bàbá Ìbejì ò jiyàn gbèsè. Ohun tó bà á nínú jẹ́ ni pé kò mọ̀ pé ó ti pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ó ní £20 lòun rò pé òun jẹ, ní gbogbo ìgbà. A yọ owó bàtà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan gẹ́gẹ́ bí ẹ̀bùn. A pín £1,440 sí oṣù 24, ó di £60 lé £300, a kọ ọ́, àwọn méjèèjì fọwọ́ sí i. Bí gbèsè ṣe wọlé náà la ṣe ní kó máa jáde, díẹ̀ díẹ̀.

Lóṣù kẹta, £350 ló wọlé. Kó tó di ọ̀sán ọjọ́ yẹn, Ìyá Ìbejì ti kọ̀wé: "Bàbá Ìbejì, ẹ ṣé, sà. Ó ku £10. Ọjọ́ wo ni kí n kọ síbẹ̀?" Ó dáhùn pé Jímọ̀. Lọ́jọ́ Jímọ̀, £10 wọlé. Imú ni wọ́n rí, imú ni wọ́n lé padà.