Ta Ni Ó Wọn Adùn Náà?

Ẹ̀yin ìyá wa, nígbà tí ẹ bá ra kúnnú tàbí sóbò fún ọmọ ní Alábà Rago, ẹ béèrè ohun tí ó mú un dùn. Bí kì í bá ṣe ṣúgà, ó lè jẹ́ sakarínì, èyí tí adùn rẹ̀ tó ìlọ́po 300 ti ṣúgà.

Ẹ má bẹ̀rù orúkọ rẹ̀. Ní 1977, Kánádà fi òfin dè é nítorí jẹjẹrẹ tí ó fà lára eku. Lẹ́yìn náà ni ìwádìí fi hàn pé ara ènìyàn kò rí bí ti eku, Amẹ́ríkà sì mú ìkìlọ̀ kúrò lára rẹ̀ ní 2000.

Ìwọ̀n ni kí ẹ bẹ̀rù. Àwọn onímọ̀ àgbáyé ní kí ó má ju mílígíráàmù 5 lójúmọ́ fún kílò kọ̀ọ̀kan tí ènìyàn wúwo. Ti aspartame inú mínírà aláìní-ṣúgà jẹ́ 40. Ọmọ tí ó wúwo ní kílò 15, mílígíráàmù 75 péré ni ìpín tirẹ̀. Èyí kò tó ohun tí a fi ìka méjì bù. Ti inú agolo, ilé iṣẹ́ ti wọ̀n ọ́n. Ti inú garawa kúnnú ńkọ́?

Ẹ kúkú se sóbò nílé, kí ẹ fi dàbínù mú un dùn. Ṣùgbọ́n ṣúgà wà nínú dàbínù náà: bí bàbá wọn bá ní ìtọ̀ ṣúgà, ẹ bu tirẹ̀ sọ́tọ̀ kí dàbínù tó wọ̀ ọ́.