Bọ́tìnnì Inú Fóònù Kò Lè Ṣe Iṣẹ́ Òfin: Ẹ̀kọ́ Láti Niamey

Ẹ̀gbọ́n kan tí mo mọ̀ ń ta aṣọ ní Niamey. Ọmọ Ọ̀yọ́ ni wọ́n, ṣùgbọ́n wọ́n ti pẹ́ ní ìlú náà débi pé èdè Zarma kò ṣòro lẹ́nu wọn mọ́. Nígbà kan, bí wọ́n bá gbé ọ̀rọ̀ sí status WhatsApp wọn, gbogbo ẹni tí nọ́ńbà rẹ̀ wà nínú fóònù wọn ló ń rí i: oníbàárà, ará ilé, àwọn tí wọ́n jọ ń kírun. Lónìí, ènìyàn 9 péré ni wọ́n yọ̀ǹda fún. Kí ilẹ̀ tó ṣú, wọ́n ti pa ohun tí wọ́n kọ láàárọ̀ rẹ́. Mo bi wọ́n léèrè pé ta ni wọ́n ń bẹ̀rù. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní: "Àbúrò mi, àwọn 9 yẹn náà ni."

Ìdáhùn yẹn ni mo fẹ́ fi dá àwọn tó ń sọ fún wa pé ọ̀rọ̀ ìkọ̀kọ̀ lórí ayélujára kò ju ọ̀rọ̀ bọ́tìnnì lọ lóhùn. Wọ́n ní kí olúkúlùkù wọ inú ètò fóònù rẹ̀, kí ó yan ẹni tí yóò máa rí ọ̀rọ̀ rẹ̀, kí ó sì lọ sùn. Bí ọlọ́pàá bá wá gbé e lọ́jọ́ kejì, wọ́n á ní òun ni kò mọ fóònù lò. Mo ta ko èrò yìí. Ẹni tó ń gbé lábẹ́ òfin tó lè sọ ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ di ẹ̀wọ̀n kò ní ìkọ̀kọ̀ kankan, bó ti wù kí fóònù rẹ̀ gbọ́n tó.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo bí nǹkan náà ṣe ń ṣiṣẹ́. Snapchat ló mú irú àtẹ̀jáde onígbà kúkúrú yìí wọlé ní 2013. Instagram tẹ̀ lé e ní 2016, WhatsApp sì ṣe tirẹ̀ ní 2017. Wákàtí 24 ni ọ̀rọ̀ tàbí àwòrán náà ń lò kí ó tó pòórá. Ọ̀nà mẹ́ta ni WhatsApp là sílẹ̀: kí gbogbo ẹni tí nọ́ńbà rẹ̀ wà nínú fóònù wa rí i, kí gbogbo wọn rí i àfi àwọn tí a bá yọ kúrò, tàbí kí kìkì àwọn tí a bá yàn rí i. Ó tún ń fi orúkọ àwọn tó wò ó hàn wá. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti pa àmì tó ń fi hàn pé a ti ka ọ̀rọ̀ lè wò ó kí orúkọ rẹ̀ má sì jáde. Bí a bá yí ètò náà padà, kò kan ohun tí a ti gbé síta tẹ́lẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá sì ya àwòrán ojú fóònù rẹ̀ nígbà tó ń wo status wa, a kò ní mọ̀.

Lóòótọ́, WhatsApp ti ọ̀rọ̀ náà pa láti orí fóònù kan dé èkejì, débi pé ilé-iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ kò lè kà á. Ṣùgbọ́n kò sí àgádágodo tó ń dènà ẹni tí a ti fún ní kọ́kọ́rọ́. Àwọn àgbà ti sọ ọ́: ẹ̀yìnkùlé lọ̀tá wà, inú ilé laṣeni ń gbé. Ìjọba tó ń wá ọ̀rọ̀ tí yóò fi mú ènìyàn kò nílò ẹ̀rọ olówó ńlá. Ẹnì kan nínú àwọn 9 ti tó.

Ní Niamey, àwòrán kan ṣoṣo bẹ́ẹ̀ lè gbé ènìyàn dé ẹ̀wọ̀n. Ní oṣù keje ọdún 2019, orílẹ̀-èdè Niger ṣe òfin kan lórí ìwà ọ̀daràn orí ayélujára. Abala 31 rẹ̀ sọ pé ẹni tó bá ṣe, tó bá fún ẹlòmíràn, tàbí tó bá tan ohun tó lè da àlàáfíà ìlú rú tàbí tó lè tàbùkù iyì ọmọ ènìyàn ká, yóò fẹ̀wọ̀n jura láti oṣù mẹ́fà dé ọdún mẹ́ta, yóò sì san owó ìtanràn mílíọ̀nù 1 sí mílíọ̀nù 5 sẹ́fà. Ẹ tún gbólóhùn náà kà. Kò béèrè bóyá irọ́ ni ọ̀rọ̀ náà. Kò béèrè bóyá ènìyàn 9 ló rí i tàbí 9,000. Kò béèrè bóyá ó ti pòórá lẹ́yìn wákàtí 24. Kí a ṣáà ti fún "ẹlòmíràn" ti tó, ìjọba ni yóò sì sọ ohun tó ń da ìlú rú.

Ohun tó tẹ̀ lé e kò ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Ní oṣù kẹta ọdún 2020, wọ́n mú akọ̀ròyìn Kaka Touda Mamane Goni nítorí pé ó kọ ọ́ sórí ayélujára pé wọ́n fura sí ẹnì kan pé ó ní àrùn Kòrónà ní ilé-ìwòsàn ńlá kan ní Niamey. Ó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó lò ní àtìmọ́lé kí wọ́n tó dá a lẹ́jọ́ ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́ta tí wọ́n so rọ̀. Nígbà tó ṣì wà ní àtìmọ́lé, ìjọba fúnra rẹ̀ kéde ẹni àkọ́kọ́ tó ní àrùn náà ní orílẹ̀-èdè wọn. Ní oṣù kẹfà ọdún kan náà, wọ́n mú Samira Sabou, akọ̀ròyìn tó ń kọ̀wé lórí ayélujára, lórí ọ̀rọ̀ tó kọ sí Facebook. Ọmọ ààrẹ ìgbà náà ló fẹ̀sùn kàn án. Ó lo ọjọ́ 48 ní àtìmọ́lé kí ilé ẹjọ́ tó dá a sílẹ̀. Ọdún 2020 yẹn náà ni wọ́n mú àwọn ará ìlú lásán lórí ọ̀rọ̀ tí wọ́n bá ojúlùmọ̀ wọn sọ lórí WhatsApp. Nínú ọdún yẹn kan náà ni wọ́n tún ṣe òfin tó jẹ́ kí ìjọba lè máa tẹ́tí sí ọ̀rọ̀ orí ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀.

Àwọn kan yóò ní ìwà ológun nìyẹn. Rárá o. Ìjọba tí ará ìlú dìbò yàn ló ṣe òfin 2019. Ààrẹ tó sì fọwọ́ sí i, Mahamadou Issoufou, ni wọ́n fún ní ẹ̀bùn Mo Ibrahim fún ìṣàkóso rere ní 2021. Ní 2022, wọ́n tún òfin náà ṣe, wọ́n yọ ẹ̀wọ̀n kúrò lórí èébú àti ìbanilórúkọjẹ́. Àwọn ológun gbàjọba ní oṣù keje ọdún 2023. Nígbà tó di oṣù kẹfà ọdún 2024, wọ́n dá ẹ̀wọ̀n náà padà: ọdún kan sí mẹ́ta fún èébú àti ìbanilórúkọjẹ́, ọdún méjì sí márùn-ún fún ohun tó lè da ìlú rú. Ológun kàn pọ́n ọ̀bẹ tó bá nílẹ̀ ni. Alágbádá ló rọ ọ́.

Mo mọ èsì tí wọn yóò fọ̀. Wọ́n á ní ogun wà ní Niger, pé àwọn agbésùnmọ̀mí ń pa ènìyàn ní Tillabéri, pé àhesọ lè dá ìlú rú. Òótọ́ ni. Ẹni tó bá tú ọ̀nà tí ọmọ ogun ń gbà fún ọ̀tá, tàbí tó bá ní kí wọ́n lọ pa ẹ̀yà kan, yẹ kí ó fojú ba ilé ẹjọ́. Òfin lè dárúkọ ìwà wọ̀nyẹn ní pàtó. Àmọ́ èwo nínú wọn ni Kaka Touda hù? Èwo ni Samira Sabou hù? Wọ́n á tún ní ẹni tí kò ṣe ibi kò ní ohun tí yóò fi pamọ́. Ṣùgbọ́n òfin tí kò sọ ohun tí ibi jẹ́ ti sọ gbogbo wa di afurasí.

Ẹ má ṣe jẹ́ kí àwa ọmọ Nàìjíríà máa wo Niamey bí ẹni ń wo ìran. Abala 24 nínú òfin ìwà ọ̀daràn orí ayélujára wa ti 2015 bá tiwọn dọ́gba nínú àìní-ààlà. Ní oṣù kẹta ọdún 2022, ilé ẹjọ́ ECOWAS pàṣẹ pé kí Nàìjíríà tún abala náà ṣe. Nǹkan bí ọdún méjì ló gbà wá kí àtúnṣe tó wáyé, ní oṣù kejì ọdún 2024. Kò pé oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà tí ọlọ́pàá fi mú akọ̀ròyìn Daniel Ojukwu ní Èkó, tí wọ́n sì fi ẹ̀sùn òfin yìí kan náà kàn án. Ní ti Niger, ó kúrò nínú ECOWAS ní oṣù kìíní ọdún 2025. Àwa ṣì ní ilẹ̀kùn ilé ẹjọ́ yẹn láti kàn, a kò sì tíì kàn án tó.

Èmi kò sọ pé kí ẹ má yan ẹni tí yóò máa wo status yín. Ẹ yàn wọ́n. Ẹ yọ nọ́ńbà tí ẹ kò rántí ẹni tó ni ín mọ́. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó gbàgbé, ẹ béèrè nǹkan mẹ́ta lọ́wọ́ àwọn aṣòfin yín ní Abuja. Èkíní, kí òfin ka ọ̀rọ̀ tí ènìyàn sọ fún àwọn tó yàn sí ọ̀rọ̀ inú ilé, tí kò gbọdọ̀ di ẹ̀sùn àfi bí ó bá jẹ́ ìpè kedere sí ìpànìyàn tàbí ìjà. Èkejì, kí ọlọ́pàá má ṣe tú fóònù ẹnikẹ́ni wò láìsí ìwé àṣẹ ilé ẹjọ́. Ẹ̀kẹta, kí ẹ̀wọ̀n kúrò pátápátá lórí ìbanilórúkọjẹ́. Ẹni tí wọ́n bà lórúkọ jẹ́ lè gba owó ìtanràn.

Láìsí èyí, kíkà ni a ó máa kà. Ẹ̀gbọ́n mi ní Niamey ti kúrò lórí gbogbo ojúlùmọ̀ wọn dé orí 9. Wọ́n lè dín 9 kù sí 3, kí wọ́n tún dín 3 kù sí ẹnì kan. Lẹ́yìn ẹnì kan, ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ló kù, òun náà sì ni àwọn tó kọ òfin yẹn ń wá.