Ìdáhùn tó dé kẹ́yìn lè má jẹ́ tuntun

Láyé àtijọ́, àwọn Ìjẹ̀ṣà tó ń ta aṣọ láwìn kì í gba ìlérí lọ́wọ́ onígbèsè. Òṣó ni wọ́n máa ń ló títí owó yóò fi dé ọwọ́ wọn. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pè wọ́n ní òṣómàáló. Lóde òní, ọ̀pọ̀ ọlọ́jà ní Àtàkúnmọ̀sà nílùú Iléṣà àti ní Ìgbọ̀nà nílùú Òṣogbo, fóònù ni wọ́n fi ń sanwó, òun náà ni wọ́n fi ń gbowó. Ọ̀wọ́n owó tó bẹ́ sílẹ̀ níbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023, nígbà tí ìjọba pààrọ̀ owó náírà, ló sọ ọ́ di dandan fún ọ̀pọ̀ nínú wọn.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká fura. Bí ọkọ̀ méjì bá gbéra n'Iléṣà, tí wọ́n ń lọ s'Òṣogbo, tí èyí tó kọ́kọ́ gbéra gba Ilé-Ifẹ̀ àti Gbọ̀ngán, tí èkejì gba ọ̀nà tààrà, èwo ni yóò kọ́kọ́ dé? Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ọ̀rọ̀ íntánẹ́ẹ̀tì rí. Bí a bá béèrè nǹkan lẹ́ẹ̀mejì, ìdáhùn ti àkọ́kọ́ lè dé lẹ́yìn ti èkejì.

Ká ní ìyá ọlọ́jà kan fẹ́ fi owó ránṣẹ́ sí ẹni tó ń kó ọjà fún un. Áàpù báńkì ò dáhùn, ló bá tún un tẹ̀. Ìdáhùn ti ẹlẹ́ẹ̀kejì dé pé owó ti lọ. Kò pẹ́ ni ti àkọ́kọ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé pé owó kò lọ. Èyí tó dé kẹ́yìn ni ìyá gbà gbọ́, ló bá tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kẹta. Owó ọjà kan ṣoṣo ti lọ lẹ́ẹ̀mejì nìyẹn. Ìgbà wo ni yóò rí i gbà padà?

Èmi kò dá ìyá yìí lẹ́bi o. Àwọn tó ṣe irú áàpù bẹ́ẹ̀ ni mo dá lẹ́bi, nítorí àtúnṣe rẹ̀ kò ju agbára wọn lọ. Kí wọ́n fún ìbéèrè kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà, kí ìdáhùn sì máa gbé nọ́ńbà náà bọ̀. Bí ìdáhùn àtijọ́ bá pẹ́ kó tó dé, kí áàpù má ṣe jẹ́ kó bo tuntun mọ́lẹ̀.

Kí wọ́n tó ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ̀yin òbí wa, ẹ má kánjú. Aago tí owó lọ, tí wọ́n kọ sínú àtẹ̀jíṣẹ́, ni kí ẹ máa wò, kì í ṣe ìgbà tó wọlé sórí fóònù yín. Kí ẹ tó tún un tẹ̀, ẹ yẹ iye tó kù ní báńkì wò, kí ẹ sì pe ẹni tí ẹ fi owó ránṣẹ́ sí. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.