Àwọn Ọba Méjì Tí Èkó Fò Kọjá

Bí ènìyàn bá béèrè ní Ìsàlẹ̀ Èkó pé ta ló jọba tẹ̀ lé Èṣùgbàyí Elékòó, ìdáhùn tó máa ń yá lẹ́nu ni Fálolú Dòsùnmú. Ìdáhùn náà ní ìdí, nítorí ọdún 1932 ni Elékòó wàjà tí Fálolú sì gorí ìtẹ́. Ṣùgbọ́n ó fo ọba méjì. Láti ọdún 1925 tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ti rọ Elékòó lóyè tí wọ́n sì kó o lọ sí Ọ̀yọ́, títí di ọdún 1931 tó padà wálé, Ìgà Ìdúngánrán, ààfin ọba Èkó, kò ṣófo. Ìbíkúnlé Akítóyè jọba níbẹ̀ títí ó fi wàjà ní 1928. Sànúsí Olúsì ló gorí ìtẹ́ lẹ́yìn rẹ̀, ó sì wà níbẹ̀ di 1931. Àwọn òpìtàn kan tilẹ̀ ń ka ọdún mẹ́fà yẹn sí àlàfo láàárín ìgbà méjì tí Elékòó fi jọba. Èmi gbà pé ìwà àìtọ́ ni sí àwọn ọba méjèèjì, pàápàá sí Sànúsí Olúsì, tó ṣe ohun kan tó yẹ kí gbogbo ọmọ Èkó mọ̀.

Kò sẹ́ni tó lè ní kí a má gbé Elékòó ga. Lẹ́yìn tó jọba ní 1901, òun àti ìjọba amúnisìn fa ọ̀rọ̀ owó omi àti ilẹ̀. Nígbà tí Herbert Macaulay, olóṣèlú Èkó, tẹ̀ lé Olóyè Àmọ́dù Tìjání Olúwa lọ sí London ní 1920 nítorí ẹjọ́ ilẹ̀ Àpápá, ọ̀pá àṣẹ Elékòó ló mú dání. Ìjọba ní kí ọba rán akéde káàkiri ìlú láti sẹ́ ọ̀rọ̀ tí Macaulay sọ níbẹ̀, ọba kọ̀. Ibẹ̀ ni wàhálà ti le títí tó fi di ìlékúrò nílùú. Àwọn èèyàn rẹ̀ gbé ẹjọ́ náà dé Privy Council, ilé ẹjọ́ tó ga jù fún àwọn ilẹ̀ amúnisìn Gẹ̀ẹ́sì, ní London, ìdájọ́ tí Lord Atkin sì dá ní 1931 fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé aláṣẹ kankan kò lè gba òmìnira ẹnikẹ́ni láìjẹ́ pé ó lè fi òfin gbè é níwájú adájọ́. Títí di òní, àwọn tó ń kọ́ ìmọ̀ òfin ń ka ẹjọ́ yẹn. Láàárín ọdún yẹn kan náà ni Gómìnà Donald Cameron dá ọba padà sí Èkó.

Ẹ wo bí ìrántí ṣe ń rí ibi dúró sí. Elékòó ní ẹgbẹ́ òṣèlú tí Macaulay dá sílẹ̀ ní 1923, ó ní ìwé ìròyìn Lagos Daily News tó ń gbè é lẹ́yìn, ó sì ní ẹjọ́ tí orúkọ rẹ̀ wà lára rẹ̀ títí ayé. Ìbíkúnlé Akítóyè àti Sànúsí Olúsì kò ní èyíkéyìí nínú ìwọ̀nyí. Kì í ṣe Èkó nìkan nirú èyí ti ń ṣẹlẹ̀. Nígbà tí àwọn òpìtàn Amẹ́ríkà kọ́kọ́ to àwọn ààrẹ wọn ní ipò ní 1948, wọ́n yọ William Henry Harrison àti James Garfield sílẹ̀ nítorí pé àkókò wọn kúrú jù. Chester Arthur tó rọ́pò Garfield ní 1881, lẹ́yìn tí wọ́n yìnbọn pa á, ni gbogbo ayé kà sí ọmọ ẹ̀yìn àwọn bàbá ìsàlẹ̀ òṣèlú New York. Ọkùnrin yìí kan náà ló fọwọ́ sí òfin ọdún 1883 tó sọ pé ìdánwò ni kí wọ́n fi gba àwọn kan sí iṣẹ́ ìjọba, kì í ṣe ojúsàájú. Ta ló rántí rẹ̀? Bẹ́ẹ̀ ni Rutherford Hayes, tí ọ̀pọ̀ ará Amẹ́ríkà kò lè sọ ohun tó ṣe, ṣùgbọ́n tí orílẹ̀-èdè Paraguay fi orúkọ rẹ̀ sọ odidi ìpínlẹ̀ kan, nítorí pé òun ló dá wọn láre nínú ẹjọ́ ààlà ilẹ̀ ní 1878. Ibi tí oore bá dé ni ìrántí ń wà, kódà bí kò bá sí ẹni tó ń kígbe rẹ̀ ní ilé.

Ẹni tó bá fẹ́ ta kò mí yóò sọ pé ọ̀rọ̀ wọn yàtọ̀: orí ìtẹ́ ẹni tó ṣì wà láàyè ni wọ́n jókòó sí, agbára òyìnbó ló sì gbé wọn débẹ̀. Ọ̀rọ̀ ńlá ni, ó sì dun àwọn ará Ìsàlẹ̀ Èkó ìgbà náà wọra. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a fi òṣùwọ̀n kan náà wọn àwọn yòókù. Akítóyè àgbà, ọba Èkó nígbà náà, wà láàyè nígbà tí Kòsọ́kọ́ gba ìtẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ní 1845. Ìbọn ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì ló dá Akítóyè padà ní 1851, Kòsọ́kọ́ sì sá lọ sí Ẹ̀pẹ́. Nígbà tí Dòsùnmú jọba ní 1853, pẹ̀lú àtìlẹ́yìn Campbell, aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, Kòsọ́kọ́ ṣì wà láàyè. Ọdún 1872 ló tó kú. Dòsùnmú yìí náà ni wọ́n fi ìbẹ̀rù ìbọn mú fọwọ́ sí ìwé tó gbé Èkó fún ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní oṣù kẹjọ ọdún 1861. Síbẹ̀ kò sẹ́ni tó ń pe ìgbà Kòsọ́kọ́, Akítóyè tàbí Dòsùnmú ní àlàfo. Ọba ni a ń pè wọ́n, bẹ́ẹ̀ ló sì yẹ. Kí ló wá dé tí òfin fi yí padà nígbà tó kan Ìbíkúnlé àti Sànúsí?

Ibi tí ọ̀rọ̀ Sànúsí Olúsì ti wúwo lọ́kàn mi nìyí. Ìran Ológun Kútẹrẹ, ọba Èkó ìgbà kan, ni, oníṣòwò tó rí ṣe ni kó tó jọba. Ní 1931, wọ́n ní kí ó kúrò ní ààfin kí ẹni tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ lè wọlé padà. Èkó mọ ohun tí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ máa ń dà. Nígbà tí Akítóyè àti Kòsọ́kọ́ ń jà sí ìtẹ́ yìí kan náà, ogun Olómiró ló bẹ́ ní 1845, ogun Àgídìngbì sì tẹ̀ lé e ní 1851 tí iná jó apá ńlá nínú ìlú. Ní 1931, ọba tó wà láàyè jáde, ọba tó wà láàyè wọlé, kò sì sí ogun. Sànúsí gbé ayé rẹ̀ títí di 1935 gẹ́gẹ́ bí ẹni tó ti jọba rí.

Wọ́n lè ní kò ní ọgbọ́n mìíràn, pé ọlọ́pàá àti gómìnà ló ní agbára. Òótọ́ ni pé kì í ṣe òun ló pa àṣẹ náà. Ṣùgbọ́n ọba kì í wà láìní ẹbí, ìránṣẹ́ àti àwọn tó ń jẹun nídìí oyè rẹ̀, wàhálà kò sì nílò ju àwọn mélòó kan lọ ní àdúgbò tí ilé ti fara kan ilé bí Ìsàlẹ̀ Èkó. Kí ènìyàn ní ohun tó lè fi dá ìjà sílẹ̀, kó má sì dá a sílẹ̀, iṣẹ́ ọba nìyẹn náà.

Ní ti Ìbíkúnlé Akítóyè, ohun tí a lè sọ kéré jù bẹ́ẹ̀ lọ, ọdún mẹ́ta péré ló lò. Òun ni wọ́n kà sí ọba Kristẹni àkọ́kọ́ ní Èkó, àti ọba àkọ́kọ́ tó kàwé. Sànúsí ni wọ́n kà sí ọba mùsùlùmí àkọ́kọ́. Lẹ́yìn wọn ni Adéníjì Àdèlé, mùsùlùmí, àti Adéyínká Oyèkàn, Kristẹni, jọba, tí kò sì jẹ́ ìyanu fún ẹnikẹ́ni mọ́. Ohun tí mo ń béèrè kò pọ̀. Kí àwọn ilé ẹ̀kọ́ Èkó kọ́ ọmọ ní orúkọ àwọn ọba yìí pẹ̀lú ọdún wọn, 1925 sí 1928, 1928 sí 1931. Kí ìdílé Olúsì àti Akítóyè sì gbé ìwé, àwòrán àti oríkì tó bá kù lọ́wọ́ wọn jáde fún àwọn òpìtàn, nígbà tí àwọn àgbà tó gbọ́ ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu òbí wọn ṣì wà láàyè.