Ẹ Dárúkọ Onílù Pẹ̀lú

Àwọn àgbà ní ọ̀tún wẹ òsì, òsì wẹ ọ̀tún ni ọwọ́ fi ń mọ́. Láti ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni gbogbo wa ti ń fi òwe yìí sínú àròkọ. Ṣùgbọ́n tí ó bá di ọ̀rọ̀ orin, ọwọ́ kan ṣoṣo ni a máa ń kí. Olórin ni a ń dárúkọ. A kì í bèèrè ẹni tí ó lu ìlù. Èrò tèmi ni pé àṣìṣe ni èyí, àti pé àwa tí a ń kọ́ ẹ̀kọ́ Yorùbá ní yunifásítì wà lára àwọn tí ó ń ṣe é.

Ọjà-Ọba ní Ìlọrin níbí ni ọ̀rọ̀ náà ti kọ́kọ́ ká mi lára. Orin dàdàkúàdà ni mo fẹ́ kọ iṣẹ́ àṣekágbá mi lé lórí, ni mo bá lọ bá bàbá kan tí ó ń ta àwo àti kásẹ́ẹ̀tì àtijọ́ nínú ọjà náà. Bàbá yìí mọ orin Odòlayé Àrẹ̀mú àti ti Jáígbadé Àlàó bí ẹni mowó. Nígbà tí mo bèèrè ẹni tí ó lu ìlù nínú àwo tí ó gbé lé mi lọ́wọ́, ó yí páálí rẹ̀ síwá, ó yí i sẹ́yìn. Orúkọ olórin wà níbẹ̀ gàdàgbà-gadagba. Lẹ́yìn rẹ̀, "àti ẹgbẹ́ rẹ̀" ni wọ́n kọ. Bàbá rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ọmọ mi, ta ní í bèèrè onílù?"

Mo padà sí yàrá mi, mo ṣí ìwé tí mo ń kọ orin sí. Gbogbo ọ̀rọ̀ tí olórin sọ ni mo ti kọ sílẹ̀, mo sì fi àmì ohùn sí i. Mo kọ ti àwọn elégbè náà. Ṣùgbọ́n níbi tí ìlù bá ti gba orin lẹ́nu olórin, ọ̀rọ̀ kan péré ni mo kọ sí ẹ̀gbẹ́ ìwé: "Ìlù". Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo wa mọ̀ pé ìlù Yorùbá a máa sọ̀rọ̀. Kí ni ìyàtọ̀ tí ó wà láàrin èmi àti ẹni tí ó tẹ páálí àwo náà?

Ní àkókò yẹn gan-an ni ọ̀rẹ́ mi kan fi orin jáàsì kan hàn mí. Orúkọ àwo náà ni The Roots of the Blues, ọdún 2013 ni ó jáde. Ènìyàn méjì péré ni ó ṣe é: Randy Weston ni ó tẹ dùùrù, Billy Harper ni ó fọn fèrè sasofóònù. Kò sí ìlù, kò sí jìtá, kò sí elégbè. Ọwọ́ òsì Weston ń dún nísàlẹ̀ dùùrù bí ìyá ìlù, fèrè ń dáhùn lókè. Nígbà mìíràn, fèrè ni yóò kọ́kọ́ dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀, tí dùùrù yóò sì máa gbè é. O kò lè sọ pé ẹnì kan ni olórí, pé èkejì ni ọmọ ẹ̀yìn.

Ohun tí ó wú mi lórí jù ni orúkọ méjèèjì tí ó wà lára àwo náà. Ọdún 1926 ni wọ́n bí Weston ní Brooklyn, ní New York. Ọdún 1943 ni wọ́n bí Harper ní Houston, ní ìpínlẹ̀ Texas. Weston fi ọdún mẹ́tàdínlógún ju Harper lọ. Harper ti ń bá a fọn fèrè láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970. Ó wà nínú àwo Weston tí ń jẹ́ Tanjah, tí ó jáde ní 1973. Ogójì ọdún lẹ́yìn náà, ọ̀gá ti di ẹni ọdún mẹ́tàdínláàádọ́rùn-ún. Ta ni ìbá bi í léèrè bí ó bá kọ orúkọ tirẹ̀ nìkan? Ṣùgbọ́n ó jẹ́ kí orúkọ ẹni tí ó ti ń tẹ̀lé e wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tirẹ̀. Weston kú ní 2018. Àwo náà wà.

Weston kì í ṣe àjèjì sí wa. Ó wá sí Èkó ní 1961 pẹ̀lú àwọn òṣèré àti olórin adúláwọ̀ Amẹ́ríkà. Nígbà tí ó ṣe àwo tí ó pè ní Highlife ní 1963, ó fi Niger Mambo sínú rẹ̀, ó sì jẹ́ kí ayé mọ̀ pé Bobby Benson ti Èkó ni ó ni orin náà.

Ẹ jẹ́ kí á wo ilé tiwa. Haruna Ishola àti ẹgbẹ́ àpàlà rẹ̀. Ebenezer Obey àti Inter-Reformers. Sunny Ade àti African Beats. Mélòó nínú àwọn onílù wọn ni àwa akẹ́kọ̀ọ́ lè dárúkọ? Tony Allen ni ó lu ìlù fún Fẹlá títí di nǹkan bí 1979, kò sì sí ẹni tí ó mọ Afrobeat tí kò mọ̀ pé ọwọ́ ọkùnrin yìí wà ní ìdí rẹ̀. Síbẹ̀, orúkọ Fẹlá ni ó gba ẹnu gbogbo ayé. Kì í ṣe pé Fẹlá kò lè bá ẹlòmíràn pín àwo. Ní 1980, òun àti Roy Ayers ti Amẹ́ríkà jọ ṣe Music of Many Colours: ojú kan jẹ́ ti Fẹlá, ojú kejì jẹ́ ti Ayers. Àlejò rí ojú àwo kan gbà. Ìgbà wo ni onílù ilé yóò rí tirẹ̀?

Mo mọ ohun tí àwọn kan yóò sọ. Wọn yóò ní olórí ni ó ń wá iṣẹ́, òun ni ó ń fún ẹgbẹ́ lówó, òun ni wọ́n ń bú bí orin kò bá dùn. Ẹni tí ó lẹ́rú ni ó lẹ́rù. Òótọ́ wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n onílù kì í ṣe ẹrú. Àwọn mìíràn yóò ní olórin a máa kí onílù rẹ̀ nínú orin. Òótọ́ ni èyí náà, òun ni ó sì dá wa lẹ́bi jù. Bí olórin bá ti dárúkọ onílù, tí àwa ọ̀mọ̀wé kò kọ ọ́ sílẹ̀, ẹ̀bi ta ni?

Ọ̀rọ̀ náà kò gba ìdúró mọ́. Lónìí ní Ọjà-Ọba, inú mẹ́mọ́rì káàdì ni àwọn ọ̀dọ́ ń da orin dàdàkúàdà sí fún oníbàárà. Páálí tí ó kọ "àti ẹgbẹ́ rẹ̀" pàápàá kò bá orin lọ mọ́. Àwọn àgbà tí ó lè sọ ẹni tí ó lu ìlù fún wa sì ń lọ lọ́kọ̀ọ̀kan.

Nítorí náà, mo ń bẹ̀ yín, ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi: bí ẹ bá gba ohùn olórin sílẹ̀, ẹ má kúrò níbẹ̀ láìmọ orúkọ gbogbo ẹni tí ó jókòó sí ìdí ìlù. Ẹ padà tọ onílù lọ, kí ó sọ ohun tí ìlù rẹ̀ wí, kí ẹ sì kọ ọ́ sínú ìwé bí ẹ ti kọ ti olórin. Kò kọjá agbára wa. Akin Euba kọ odidi ìwé lórí ìlù dùndún, tí ó jáde ní 1990. Ẹ̀yin olùkọ́ wa náà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má gba iṣẹ́ àṣekágbá tí ó bá kọ "Ìlù" lásán lọ́wọ́ wa. Ẹ dá a padà. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí tèmi.

Mo ti padà lọ sí Ọjà-Ọba lẹ́ẹ̀mejì. Bàbá tí ó fi mí rẹ́rìn-ín ti ń bá mi bèèrè báyìí lọ́wọ́ àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. A ti rí orúkọ onílù kan nínú àwo náà. Ó ku méjì.