Wọ́n Wọn Oko, Wọn Ò Bi Àgbẹ̀

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan gbé fóònù wá wọn oko kòkó bàbá mi ní Ògbàgì. Ilé-iṣẹ́ tó ń ra kòkó ló háyà àwọn onímọ̀ràn tó rán an. Òfin Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù ti ọdún 2023 ló fà á: kòkó tó bá ti orí ilẹ̀ tí wọ́n pa igbó rẹ̀ run lẹ́yìn ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá, 2020 wá, kò gbọdọ̀ wọ ọjà wọn. Mo fara mọ́ ọn. Èmi náà fẹ́ kí igbó ṣẹ́kù.

Bàbá mi bi í léèrè pé: "Ọmọ mi, kòkó tó ń jẹrà lórí igi lásìkò òjò ńkọ́?"

"Ẹ má bínú, Bàbá, ilẹ̀ nìkan ni wọ́n ní kí n wọ̀n."

Lábẹ́ òfin náà, fún oko tí kò ju hẹ́kítà 4 lọ, àmì kan ṣoṣo lórí máàpù ti tó. Ìdí nìyí tí ọ̀dọ́mọkùnrin náà kò fi lò ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ lóko wa. Omi tí a fún un kò tíì tán nínú ife tó fi dìde. Ẹni tó fi ogójì ọdún tọ́jú igi wọ̀nyẹn ń wò ó lọ.